Ògiri Pálọ̀, Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti Òpó Kan: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ọ̀dà Ṣákiṣàki àti Àfarawé Máábù

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí pín sí. Èkíní ni ògiri pálọ̀ kan tó fẹ̀ ní mítà 4, tí mo fẹ́ fi ọ̀dà ṣákiṣàki kùn, èyí tí ara rẹ̀ ga tó sì kó kòtò lóòótọ́, tí ọwọ́ á mọ̀ ọ́n bí èèyàn bá fi ọwọ́ rá a. Èkejì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan. Ara ògiri tibẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọ̀ nìkan ni yóò máa ṣe bí ẹni pé ó jìn. Ẹ̀kẹta ni òpó onígun mẹ́rin tó dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pálọ̀, tí mo fẹ́ sọ di máábù láìfi òkúta kankan kàn án.

Mo ti pẹ́ nídìí ọ̀dà, ohun kan sì wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: òjìji là ń kùn. Ara ṣákiṣàki kò ní ẹwà kankan fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀, ibi tó yọ á mọ́lẹ̀, ibi tó wọnú á ṣókùnkùn díẹ̀, ẹwà rẹ̀ nìyẹn. Àfarawé òkúta tàbí ti igi ń gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi kan náà: ọwọ́ pẹ́ńtà ló ń fi àwọ̀ ya òjìji tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé kó tó lọ ra ọ̀dà, ojú dídì ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò

Fèrèsé pálọ̀ yìí wà lápá òsì ògiri náà, kò kọjú sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọjú sí ògiri gbọnrangandan máa ń pa òjìji rẹ́, kódà bí ọ̀dà bá ga tó mílímítà 3, èèyàn á kàn rí ògiri tó dà bí èyí tí wọn ò rẹ́ dáadáa ni. Èyí tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ní tirẹ̀ máa ń fa òjìji gùn, nítorí náà ìpele tí kò ju mílímítà 1 sí 2 lọ ti tó. Bí ọ̀dà ṣe máa nípọn tó kò sí lọ́wọ́ ohun tó wù mí, ọwọ́ fèrèsé ló wà.

Gílóòbù náà ṣe pàtàkì. Ti pálọ̀ jẹ́ 2700K (K ni òdiwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, bó bá ṣe ga tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń funfun tó), ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ó sì ń tuni lára. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ 6500K, ó funfun débi pé ó ń fa búlúù. Mo gbé páálí kan tí mo ti kun àwọ̀ eérú sí lọ sábẹ́ méjèèjì. Ní pálọ̀, eérú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ iyanrìn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tutù, ó sì dà bí irin. Ọ̀dà kan náà ni o. Torí náà mo pààrọ̀ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí 4000K kí n tó yan àwọ̀ kankan, kí àwọ̀ má baà yí padà lójú ẹni tó bá ń ti ibì kan bọ́ sí ìkejì.

Kí ni ògiri ń sọ

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo pa gbogbo iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sún mọ́ ògiri tímọ́tímọ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa rìn lára ògiri dípò kó kọlù ú. Gbogbo ibi tó wú, ibi tó kó kòtò, ojú ìṣó àtijọ́, ilà tí rólà fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló jáde. Mo fi pẹ́ńsùlù yí wọn ká. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀dà ṣákiṣàki máa ń bo àṣìṣe ògiri mọ́lẹ̀. Ó lè bo ilà rólà àti ojú ìṣó lóòótọ́. Kò lè bo ògiri tó wú láàárín, ṣe ló máa kó òjìji rẹpẹtẹ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó wú yẹn, tí gbogbo ojú á sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan omi. Mo gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn, mo fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá ṣẹ́ sí ojú ọ̀rá lápá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rinrin inú yàrá ni. Bó bá ṣẹ́ sẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Ti pálọ̀ gbẹ. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀rá tutù rinrin, lẹ́bùúlú funfun kan sì wà lójú ọ̀dà nítòsí ibẹ̀. Iyọ̀ ni lẹ́bùúlú yẹn: omi máa ń yọ́ iyọ̀ tó wà nínú sìmẹ́ńtì àti bíríkì, á gbé e wá sójú, omi á gbẹ lọ, iyọ̀ á kù. Páìpù ilé ìwẹ̀ tó wà lódìkejì ògiri ló ń jò. A pe pọ́lọ́ḿbà, ó tún un ṣe, a sì fi ògiri náà sílẹ̀ títí ọ̀rá fi gbẹ lẹ́yìn. Iyọ̀ náà, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi gbá a kúrò. Ẹni tó bá fi omi fọ̀ ọ́ ń yọ́ ọ padà sínú ògiri ni.

Fún ẹni tó bá ń rẹ́ ògiri tuntun, sìmẹ́ńtì nílò bí ọjọ́ 28 kó tó balẹ̀ dáadáa. Kí ó tó pé bẹ́ẹ̀, omi ṣì ń jáde lára rẹ̀, oró inú rẹ̀ sì lè ba àwọ̀ jẹ́. Àwọn práímà kan, ìyẹn ọ̀dà tí a máa ń kọ́kọ́ fi lé ògiri, wà tí wọ́n ṣe láti dènà oró yẹn, òun ni kó lò.

Ohun mìíràn tí mi ò lè gbójú fò ni ọ̀dà àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé, torí náà ilé tó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ní in lára. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dà ṣákiṣàki tí wọ́n fi kun àjà àti ògiri títí di àárín ọdún 1980 sí 1989 sábà máa ń ní asbestos, èròjà òkúta tó rí bí òwú, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ara ṣákiṣàki àtijọ́ bá wà lára ògiri yín tí ẹ kò mọ ìgbà tí wọ́n kùn ún, ẹ má fi sáńpépà kàn án, ẹ má sì ha á. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò ná. Ẹ̀mí ju ẹwà ògiri lọ.

Ògiri tiwa kò ní ìṣòro yẹn. Mo fi bíléèdì ya ọ̀dà ibẹ̀ ní ìbú àti òró kéékèèké, mo tẹ tépù mọ́ ọn, mo fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dà kò bá tépù lọ, ìyẹn ni pé ó ṣì dì mọ́ ògiri. Mo fi pọ́tì dí ojú ìṣó àti ibi tó sán, mo fi sáńpépà 120 rá a, mo fi 180 kúnná rẹ̀ (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sáńpépà ṣe ń kúnná tó). Lára òpó nìkan ni mo ti lọ dé 220, torí máábù kò gba gbúngungbùngun kankan. Mo fi aṣọ tútù nu eruku kúrò, mo sì fi práímà lé e.

Pátákó ìdánwò

Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ lára ògiri láé. Mo gé pákó pẹlẹbẹ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, mo fi práímà àti àwọ̀ ìdí kan náà tí ògiri máa gbà kùn ún, mo wá ṣe gbogbo ohun tí mo ní lọ́kàn lára wọn. Èyí tó kéré ju ìyẹn lọ kò wúlò, torí ọwọ́ kò ní ráyè rìn bó ṣe máa rìn lára ògiri. Ẹ̀yìn pákó kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ohun tí mo pò àti bí mo ṣe pò ó sí. Mo gbé wọn dúró sí ẹsẹ̀ ògiri, mi ò tẹ́ wọn sílẹ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan tó tẹ́ sílẹ̀ kò jọ èyí tó ń kọjá lára ohun tó dúró. Mo wò wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lábẹ́ gílóòbù lálẹ́. Àwọ̀ ewé kan tí mo fẹ́ràn gan-an lọ́sàn-án di ẹrẹ̀ lálẹ́, mo bá yọ ọ́ kúrò.

Ṣákiṣàki ní pálọ̀

Oríṣi nǹkan mẹ́ta ló wà tí èèyàn lè fi gbé ara ògiri sókè. Èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n da iyanrìn kíkúnná sínú emulsion, ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri. Ó dára, àmọ́ ìrísí kan ṣoṣo ló ní. Èkejì ni pọ́tì gypsum, tó rọ̀ lọ́wọ́, tó sì ṣeé rá, ṣùgbọ́n omi kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà ṣákiṣàki tí wọ́n ti pò tán, tí rọ́bà acrylic wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni mo mú, torí ọmọdé ń fara kan ògiri pálọ̀, rọ́bà inú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó máa hó bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí nǹkan bá gbá a.

A pa iná ilé láti orísun, a tú ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò. Mo fi tépù bo etí àjà àti pákó ẹsẹ̀ ògiri.

Ìpele méjì tín-ín-rín ni mo fi ṣe é. Bí èèyàn bá da gbogbo rẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀kan, òkè á gbẹ kí inú tó gbẹ, omi inú rẹ̀ á máa wá ọ̀nà jáde, gbogbo rẹ̀ á sún kì, á sì sán. Ìpele kìíní, mo kàn fi tírówẹ̀lì fà á tẹ́ kárí ògiri láìwá ẹwà kankan níbẹ̀. Mo jẹ́ kó gbẹ délẹ̀.

Ìpele kejì ni iṣẹ́ ọwọ́ wà. Tírówẹ̀lì tí mo lò, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tẹ̀, torí igun mímú máa ń ya ilà sí ọ̀dà tútù. Mo bu díẹ̀ sí etí rẹ̀, mo dá irin náà dùbúlẹ̀ mọ́ ògiri, kó ṣẹ́ kù díẹ̀ kó tẹ́ pátápátá, mo wá rọra fà á láìtẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́, irin á máa fò kọjá lórí kòtò ìpele ìsàlẹ̀, á máa já ọ̀dà sílẹ̀ níbi tó bá ti kan ògiri: níhìn-ín ó lẹ̀, lọ́hùn-ún ó fò. Etí ibi tó lẹ̀ mọ́ yẹn á rí kángunkàngun bí etí ewé tí kòkòrò jẹ. Èèyàn kò lè fi ipá mú un rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó di ògiri rírẹ́ lásán.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lójú mi ni kí ọwọ́ máa tún ohun kan náà ṣe. Apá èèyàn ní bó ṣe gùn, èjìká ní bó ṣe ń yí, nítorí náà bí a bá dúró sójú kan, ohun tí apá máa yà ni òṣùpá ìlàjì, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tún lé e. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ojú ò sì ní rí nǹkan mìíràn mọ́. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ máa rìn. Mo fà á sókè, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gorí àkàbà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń yí ọwọ́ padà kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe. Mo sì ń fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn déédéé láti wo gbogbo ògiri pọ̀.

Àbúrò mi ló ń po ọ̀dà, tó ń bù ú fún mi. Nígbà tí a ku díẹ̀ ká dé ọwọ́ ọ̀tún, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe jẹ́ ká sinmi, kí a parí rẹ̀ lọ́la?” Mo ní, “Rárá o, jọ̀ọ́, bù ú wá. Bí a bá dúró sí àárín ògiri, ojú ibi tí a dúró sí á wà níbẹ̀ títí ayé. Igun la máa ń sinmi sí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó bù ú wá.

Kí ó tó gbẹ ni mo ti tú tépù. Mo fi bíléèdì rọra gba etí rẹ̀ kọjá kí ọ̀dà má baà bá a lọ, mo fà á kúrò ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́. Tépù tó bá gbẹ mọ́ abẹ́ ọ̀dà ṣákiṣàki á fa etí ya pálapàla.

Gíléèsì lórí ṣákiṣàki

Kí gíléèsì tó kàn án, mo fi práímà lé e, mo wá fi sátìn, ọ̀dà tó ń dán díẹ̀, ní àwọ̀ iyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe àwọ̀ ìdí. Rólà onírun gígùn ni mo lò, èyí tí irun rẹ̀ tó mílímítà 18 sí 20, torí rólà onírun kúkúrú kò ní wọ inú kòtò. Ẹ múra sílẹ̀ fún ọ̀dà púpọ̀ níbí: ojú ṣákiṣàki fẹ̀ ju ojú pẹrẹsẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń mu ọ̀dà jù ú lọ. Sátìn ni mo mú, n kò mú emulsion tí kò dán, nítorí pé emulsion máa ń fa gíléèsì mu wàrà, kí èèyàn tó na ọwọ́ sí i, ó ti di àbàwọ́n.

Gíléèsì ni omi rọ́bà tí kò láwọ̀, tí a máa ń po ọ̀dà díẹ̀ mọ́ kí ó lè hàn gbá, kó sì pẹ́ kó tó gbẹ. Òdiwọ̀n 4 gíléèsì sí 1 ọ̀dà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa rúsúrúsú ni mo pò mọ́ ọn, kò ju bí ó ṣe fi díẹ̀ ṣókùnkùn ju àwọ̀ ìdí lọ. Àbúrò mi ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, èmi ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àkísà òwú tí a ti fọ̀ dáadáa, tí kì í tú irun. Mo ń nu orí ibi tó yọ, mo ń fi ti inú kòtò sílẹ̀. Òjìji tí fèrèsé ń fún ògiri ni mo ń fi àwọ̀ ràn lọ́wọ́ yẹn, kí ó lè wà níbẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú, nígbà tí fèrèsé ò ní nǹkan kan láti fún un mọ́. Bí èèyàn bá ṣe é ní òdìkejì, tó fi àwọ̀ dúdú sí orí ibi tó yọ, tó sì jẹ́ kí kòtò funfun, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ á máa jà, ojú á máa rẹni láìmọ ìdí.

Gíléèsì olómi kì í fúnni láyè púpọ̀, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. A pa fáànù, a ti fèrèsé tó ń gba afẹ́fẹ́ tààrà. Nǹkan bíi mítà kan la ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, a ò sì jẹ́ kí etí rẹ̀ tọ́ láé, wọ́gọwọ̀gọ la fi í sílẹ̀, kí tútù lè máa bá tútù pàdé. Ibi tí gbígbẹ bá ti pàdé tútù, ìlọ́po méjì àwọ̀ ni, ó sì máa ń yà bí ọ̀pá. Àwa méjì ló yẹ iṣẹ́ yìí, ẹnì kan ò lè sáré tó.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Níbí, mo ronú nípa kànrìnkàn òkun ná, torí ó yá, ó sì rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́: a ó rẹ ẹ́, a ó fún un gbẹ, a ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sínú ọ̀dà, a ó tẹ púpọ̀ rẹ̀ dànù sára páálí, a ó wá máa fi kan ògiri, ká máa yí ọrùn ọwọ́ nígbà gbogbo. Mi ò lò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ há, ojú èèyàn sún mọ́ ògiri, àmì kànrìnkàn á sì máa hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kànrìnkàn ti gba orúkọ burúkú lọ́pọ̀ ilé, mo sì gbà pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọ̀ méjì tó jìnnà síra ni wọ́n fi ń ṣe é, funfun báláú pẹ̀lú pupa, tí ògiri á wá dà bí ẹni tí ara rẹ̀ sú. Àwọ̀ tó sún mọ́ra, tí wọ́n jọ jẹ́ ìdílé kan, ni kànrìnkàn ń fẹ́.

Àwọ̀ fífọ̀ ni mo ṣe. Búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ ni, a ó máa fa gíléèsì ní àgbélébùú dídà, lọ síwá, bọ̀ sẹ́yìn, a ó wá fi àkísà rọra pa ojú búrọ́ọ̀ṣì rẹ́ kí ó tó fà. Ìdí rẹ̀ funfun bí ẹfun, gíléèsì rẹ̀ àwọ̀ eérú tó fa ewé díẹ̀, mo sì dín àwọ̀ inú rẹ̀ kù ju ti pálọ̀ lọ. Ìpele méjì fẹ́lẹ́, ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó gùn ún. Ìpele méjì tó hàn gbá ló ń mú ògiri pẹrẹsẹ dà bí ohun tó jìn. Ọ̀kan tó ki kò lè ṣe é. Mo jẹ́ kí apá ìsàlẹ̀ fi díẹ̀ ṣókùnkùn ju òkè lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ àjà máa ń ṣe fún ògiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba ìmí.

Òpó máábù

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Àfarawé máábù kì í ṣe ohun àná. Ní Pompeii, ìlú tí òkè oníná Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Krístì, ògiri tí wọ́n ti fi ìrẹ́ gbé sókè ní bíríkì-bíríkì, tí wọ́n wá kùn bíi máábù aláwọ̀, wà nínú ilé tí wọ́n ń pè ní House of the Faun. Ara ṣákiṣàki àti àfarawé pọ̀ lára ògiri kan ṣoṣo, láti ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Krístì.

Ẹni tó bá fẹ́ ya iṣan máábù gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iṣan ti wá. Òkúta ẹfun ni máábù tẹ́lẹ̀, ooru àti ìwọ̀n tó wúwo nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló yí i padà. Ìdọ̀tí tó wà nínú òkúta náà, amọ̀, irin àti èròjà mìíràn, ló ń di àwọ̀ àti iṣan, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tó bá sán tí nǹkan mìíràn sì dí i. Nítorí náà iṣan kì í rìn bó ṣe wù ú. Gbogbo wọn máa ń fì sí apá kan náà. Wọ́n máa ń yà bí ẹ̀ka, wọ́n máa ń já, wọ́n á tún fara hàn níwájú, wọ́n máa ń nípọn kí wọ́n tó tín-ín-rín. Iṣan tó ṣe wọ́nránwọ̀nràn bí mànàmáná, tó sì nípọn bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilà búrọ́ọ̀ṣì ni, kì í ṣe òkúta. Mo fi àwòrán máábù Carrara ti Ítálì, funfun oníṣan eérú, sí iwájú mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń ṣe é.

Ìdí rẹ̀ jẹ́ sátìn funfun, ìpele méjì, tí mo fi sáńpépà 220 kúnná lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ fi gíléèsì tí kò láwọ̀ pa á lára kí gbogbo rẹ̀ lè máa yọ̀. Mo fi àkísà kan eérú méjì, ọ̀kan fa búlúù, ọ̀kan fa ilẹ̀, níbi mélòó kan, ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ onírun rírọ̀ fẹ́ ẹ lọ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ títí kò fi ní etí mọ́. Ìkùukùu ni mo ń ṣe, mi ò tí ì dé ìdí iṣan.

Fún iṣan, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín onírun gígùn ni, tàbí ìyẹ́ ẹyẹ. Mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú lókèèrè, láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, mo ń yí i bí mo ṣe ń fà á. Bó bá yí, iṣan á nípọn; bó bá tún yí, á tín-ín-rín; bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbọ̀n. Lójú ẹsẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ti ń tẹ̀ lé e, kí ẹ̀gbẹ́ kan iṣan náà rọ̀ wọnú ìkùukùu, kí ẹ̀gbẹ́ kejì mú díẹ̀. Àwọn kan rì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Àwọn yẹn ló ń mú kí èyí tó hàn dà bí ohun tó wà lójú òkúta, tí ìyókù á sì dà bí ohun tó wà nínú. Nígbà tí ó gbẹ, mo fi funfun báláú ya iṣan fẹ́lẹ́ díẹ̀ tó kọjá lórí eérú. Mo sì dúró níbẹ̀. Máábù tó bá ti pọ̀ ní iṣan ti di máàpù.

Igun òpó ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Bí òpó bá jẹ́ odindi òkúta kan, iṣan tó dé igun gbọ́dọ̀ yí kọjá sí ojú kejì níbi kan náà. Bó bá jẹ́ pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, iṣan gbọ́dọ̀ já síbẹ̀, kí ojú kejì sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Pẹlẹbẹ ni mo mú, mo sì pín ojú kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi tépù bo ọ̀kan kí n tó ya èkejì, kí ìṣàn iṣan wọn lè yàtọ̀ síra. Ní oríkèé wọn, mo fa ilà eérú tín-ín-rín, mo sì fa ilà funfun fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti òkè: etí òkè oríkèé á wà lójìji, etí ìsàlẹ̀ á gba ìmọ́lẹ̀. Lára igun tó kọjú sí fèrèsé, mo fi funfun díẹ̀ kún un. Ilà méjì péré yẹn ló sọ kíkùn di òkúta lójú ẹni tó bá dúró lókèèrè.

Fánííṣì àti ìtọ́jú

Fánííṣì olómi ni mo lò fún gbogbo rẹ̀. Ti olóròóró máa ń pọ́n bó bá pẹ́, á sì sọ máábù funfun di eyín àgbà. Òpó gba èyí tó ń dán, ìpele méjì, nítorí máábù tí wọ́n bá ti pa lára máa ń dán. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba èyí tí kò dán àmọ́ tó ṣeé nù. Ògiri pálọ̀ náà, èyí tí kò dán rárá ni, torí dídán lórí ṣákiṣàki á máa kọ mànà, gbogbo orí ibi tó yọ á máa tan bí omi, òjìji á sì sọnù.

Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀dà àti fánííṣì olómi tó le délẹ̀, bí ó tilẹ̀ gbẹ lójú lọ́jọ́ kan náà. Kí ó tó pé, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Eruku inú ṣákiṣàki, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ la fi ń gbá a láti òkè wá sísàlẹ̀. Àkísà tútù á kàn tì í wọnú kòtò ni.

Mo da gíléèsì tó kù sínú ìgò tí ó ní ìdérí, mo kọ àwọ̀ àti òdiwọ̀n sára rẹ̀, mo sì fi pákó ìdánwò tì í nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí nǹkan bá ha ògiri pálọ̀ lọ́jọ́ iwájú, kí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe má ṣe gé e ní onígun mẹ́rin. Kí ó fi sáńpépà pa etí rẹ̀ rẹ́ ní wọ́gọwọ̀gọ, kí ó fi ọ̀dà ṣákiṣàki tín-ín-rín dí i, kí ó jẹ́ kó gbẹ, práímà, sátìn, lẹ́yìn náà gíléèsì tí ó ti fi gíléèsì aláìláwọ̀ là sí i. Kí ó fà á kọjá ibi tí a tún ṣe, kí ó sì nu etí rẹ̀ tán pátá kí ó tó fà. Tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ ni kó fi yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe láti iwájú.